Kànga Tí Kò Sí Lórí Pátákó

Ẹni tó bá fẹ́ rí òmùgọ̀ tó wọ táì, kó gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Yóò bá Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí níwájú pátákó funfun rẹ̀, pẹ̀lú kálàmù pupa lọ́wọ́, níbi tó ti ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni Morádéyọ̀ ṣe ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù ní ilé náà ni, abilékọ ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ènìyàn kì í yọ ṣùtì sí ẹni tí Ọlọ́run dá. Ó ti gbàdúrà sí i. Ó ti gbààwẹ̀ sí i pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá ti dìde lórí eékún tó sì dé ọ́fíìsì, tí ojú rẹ̀ kan pátákó yẹn, ẹ̀gàn náà á tún jí, á na apá, á yán, bí ẹni tó sun oorun àsùngbádùn.

Kóòdù kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Àwọn àṣẹ ni, tí ènìyàn ń kọ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè ṣe ohun tí a bá fẹ́ kó ṣe. Morádéyọ̀ ló kọ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú kí wọ́n tó sọdá sí Erékùṣù Èkó. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó rí i pé ẹni tó fẹ́ àyè nínú ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ rí dókítà, tàbí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí a gba orúkọ, kí a gba nọ́ńbà fóònù, kí a tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé, ó parí. Kí ló wá dé tí wọ́n á fi máa kọ ọ́ ní àkọ̀tun ní gbogbo ìgbà? Ó yọ apá tó jọra yẹn sọ́tọ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó dán an wò títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì. Iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá ń ṣe, wọn kò ní láti tún un kọ mọ́. Kí wọ́n sáà ké sí i, yóò dáhùn. Bí Morádéyọ̀ bá sì tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń ké sí i ló jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, wọn ì báà sùn.

Kànga ló sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ kànga kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ní Ìrágbìjí, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kò tíì kó wá sí Ìkòròdú. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́, bàbá náà kò sì bèèrè ọpẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ ti dúpẹ́ tán.

Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí fi lọ sí ìpàdé kan ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Òun ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ó jẹun níbẹ̀, ó ya fọ́tò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbé bọ̀: àtúnlò. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kì í kọ kóòdù tuntun nígbà tí ti àtijọ́ wà. Òtítọ́ sì ni. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn èrè tó wà níbẹ̀. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí ó wọ̀n ọ́n, ohun tó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ mọ bí àdúrà ṣe gbóná tó, tó wá ń ka iye ìgbà tí wọ́n pariwo.

Ó ní kí Sàlàkọ́ ṣe ohun kan tí yóò máa ka ìlà kóòdù inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá ti wà nínú iṣẹ́ àtijọ́ rí, àtúnlò ni, èrè ni. Ìlà tí kò bá sí níbẹ̀ rí, òfò ni. Sàlàkọ́ yìí, ọmọkùnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ, ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ké sí Kànga, ìlà kan péré ló fi ń ké sí i, ìlà kan náà kò sì tó nǹkan lójú ẹni tó ń ka ìlà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lọ ṣí iṣẹ́ àtijọ́, tó kọ́pì gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ gbàgàdà sínú ti tuntun, ìlà á pọ̀ bí eèrà, pátákó á sì yìn ín. Láti ọjọ́ náà ni Sàlàkọ́ kò ti kọ nǹkankan mọ́. Ó ń kọ́pì.

Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí sì tún fi ìjókòó sí i. Ẹni tó bá wà lókè pátákó ni yóò jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ni yóò gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀.

"Sàlàkọ́!" ni ó ké ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà tán. "Iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́! Ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ àtúnlò! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ìyáàfin Morádéyọ̀." Ó yí ojú sí i bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. "Òdo."

"Ọ̀gá," ni Morádéyọ̀ fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn, "tí a bá yọ ti Ẹ̀pẹ́ kúrò, gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí pátákó yìí ló ń pọn omi nínú Kànga."

"Níbo ló wà lórí pátákó?"

"Kò lè sí níbẹ̀, sà. Ìlà kan ni wọ́n fi ń ké sí i. Ohun tí wọn kò kọ rárá ni èrè rẹ̀, pátákó kò sì lè ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ."

"Ìlà kan! Ẹ gbọ́ bí? Sàlàkọ́ tún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lò, Ìyáàfin ń fi ìlà kan yangàn."

"Sàlàkọ́ kò tún un lò, sà. Ó kọ́pì rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí èyí tó kọ́pì bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó máa bá a tún un ṣe."

Sàlàkọ́ fi ẹ̀yìn ti àga rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ta ló tún ń fi okùn fa omi nínú kànga? Ayé ti dé orí bọ̀hóòlù."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Fábíyìí rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà inú yàrá kékeré yẹn ń jẹ iná, pátákó sì ti fi hàn pé kò wúlò. Bí àwọn bá ti ṣí iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ láyọ̀, wọn yóò pa Kànga, ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà yóò sì lọ sinmi nílé.

Morádéyọ̀ gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ta á lójú, ó sì ń kọ orin ìyìn sábẹ́ èémí kí ẹnu rẹ̀ má baà sọ ohun mìíràn. Ọdún bíi mélòó kan ló fi gbẹ́ Kànga náà. Ó mọ ọ́n bí ìyá ṣe mọ orí ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tí kò tíì gbẹ́ kòtò ẹ̀gẹ́ rí ló wá fẹ́ dí i.

Kò pẹ́ tó fi ṣí iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ wò. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kan níbẹ̀ ló ní yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja tútù sí kó má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó yan án. Wọ́n fẹ́ ohun tí yóò máa pín àyè inú rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láìsí ìjà. Morádéyọ̀ wo kóòdù Sàlàkọ́, ó sì dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ti ọkọ̀ ojú omi ni, ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó tó di Kànga. Nígbà yẹn, ohun tó kọ ni pé nọ́ńbà fóònù kan, ènìyàn kan. Ó tọ́ fún àwọn ará ẹ̀sítéètì tó ń lọ sí Èkó, tí olúkúlùkù wọn ní fóònù, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ní méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ní Ìbèṣè, ó rí i pé fóònù kan lè jẹ́ ti agbo ilé. Ìyá, ìyàwó, àbúrò ọkọ, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń pè fún ènìyàn. Ó tún un ṣe nínú Kànga nígbà náà, kó lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí fóònù. Gbogbo ẹni tó ń ké sí Kànga ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó kọ́pì nìkan ni kò jẹ.

Ó lọ bá a. "Sàlàkọ́, èyí tó o kọ́pì ti gbó. Àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ jọ ń lo fóònù kan náà ni. Yóò ka ẹni púpọ̀ sí ẹnìkan."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣé nítorí ìjókòó abẹ́ amúlétutù ni?"

"Sàlàkọ́."

"Àǹtí mi dáadáa! Mà á bá yín gbé fáànù kékeré kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ó lọ bá Fábíyìí. Fábíyìí ní ìlara kò yẹ akọrin. Morádéyọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo táì rẹ̀, ó sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí a bá sọ fún wọn pé aṣọ wọn ń jóná, wọ́n á bi wá bóyá a ní irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ní Ẹ̀pẹ́, àwọn obìnrin náà ti gbé agbọ̀n ẹja wá láàárọ̀ kùtùkùtù. Àrọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀pìyà wà níbẹ̀, òbòkún wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ṣì ń mí. Àlàájà Mardiyah, olórí ẹgbẹ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yìnyín pẹ̀lú ìbòrí funfun rẹ̀ àti ojú tí kì í fi nǹkan pamọ́. Fábíyìí sọ̀rọ̀ ìṣíde. Ó pe àtúnlò títí ó fi sú ẹja pàápàá. Lẹ́yìn náà wọ́n tan ẹ̀rọ náà lórí tábìlì, Sàlàkọ́ sì jókòó tì í.

Obìnrin àkọ́kọ́ pe nọ́ńbà, ó gbàyè, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ wọlé. Wọ́n hó yèè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Bísọ́lá, ìyàwó kékeré inú agbo ilé kan náà. Ó pe nọ́ńbà.

"Ẹ ti gbàyè," ni Sàlàkọ́ wí.

"Níbo ni mo ti gbà á? Agbọ̀n mi rèé lórí mi."

"Ẹ̀rọ ní ẹ ti gbà á, mà. Ẹ̀yin ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí."

"Èmi? Ìyálé mi ló wọlé!" Bísọ́lá sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ yìí ní èmi ni ìyálé mi! Ẹ lọ bi ọkọ wa wò, bóyá ẹnìkan náà ni wá!"

Ẹ̀rín sọ. Ìyálé náà yọ orí láti inú yàrá yìnyín. "Bí èmi bá ni ẹ́, ìwọ lo máa gbọ́únjẹ lónìí o!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé Bísọ́lá, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó kọ̀ ọ́. Agbo ilé kan, agbọ̀n kan. Ìlà àwọn obìnrin tó tò gùn títí ó fi jáde sí ojú oòrùn. Àwọn ẹja tó ń mí ti dákẹ́. Yàrá yìnyín wà ní ṣíṣí gbayawu, àyè inú rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi," ni Fábíyìí ń wí, òógùn ń ṣàn lábẹ́ táì. "Ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti lò rí, tó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Fún ta ni?" ni Àlàájà Mardiyah bèèrè.

"Fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi, mà."

"Ṣé ẹja àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi náà máa ń rà ni?"

"Ohun tó yẹ ni pé kí olúkúlùkù yín lọ ra fóònù tirẹ̀, mà."

Àlàájà dìde. "Fóònù ni kí a wá yan báyìí, àbí ẹja? Ọ̀gbẹ́ni, o jẹun tán láàárọ̀ yìí, àbí o kò jẹun? Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò jọ ti ẹni tó jẹun."

Fábíyìí fa Morádéyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òun ló mú un wá, kó lè rí ayọ̀ Sàlàkọ́. "Tún un ṣe kíá. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, má ṣe yọ ìlà Sàlàkọ́ kankan kúrò. Bí o bá yọ ọ́, ìdá wa máa wálẹ̀."

Morádéyọ̀ wò ó. Ẹja ń rà lẹ́yìn ọkùnrin yìí, pátákó ló ń rò. Ẹ̀gàn tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ inú rẹ̀ rí. Ó tilẹ̀ tó nǹkan tí ènìyàn lè jókòó lé.

Ó gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Sàlàkọ́. Ó pa gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tó kọ́pì rẹ́, láìṣẹ́ ojú. Ó fi ìlà kan rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń ké sí Kànga. Kí Àlàájà tó tún ìbòrí rẹ̀ wé tán, ẹ̀rọ ti ń bèèrè orúkọ àti agbo ilé.

"Bísọ́lá," ni Morádéyọ̀ pè. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ kì í ṣe ìyálé yín mọ́."

Wọ́n wọlé tẹ̀léra-tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ṣe tirẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n Bísọ́lá ti rà, ó sì lọ dà á sínú ọ̀sà. Àlàájà Mardiyah gbá ọwọ́ Morádéyọ̀ mú. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ. Morádéyọ̀ ṣe àmín láti inú wá, Àlàájà kò sì mọ bí àdúrà náà ti bọ́ sójú ibi tó yẹ tó.

Lẹ́yìn wọn, Fábíyìí ń ya fọ́tò níwájú yàrá yìnyín.

Ní ọjọ́ Ajé, òdo tuntun ti wà fún Ẹ̀pẹ́ lórí pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Fábíyìí fi kálàmù lu pátákó bí olùkọ́ tó ń lu ọmọ. Ó ní Morádéyọ̀ ti ba iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú ìtàn ilé iṣẹ́ náà jẹ́. Ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀.

"Mo ń kó o, sà," ni Morádéyọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má pa Kànga. Gbogbo àwọn tó ń pọn ọ́n ni òùngbẹ máa gbẹ. Èbúté ń pọn ọ́n. Ìbèṣè ń pọn ọ́n. Ẹ̀pẹ́ náà ti ń pọn ọ́n báyìí."

"Ìlà kan!" ni Fábíyìí wí, ó sì na ìka kan sókè kí ẹni tí kò mọ oókan lè rí i.

Nígbà tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, Sàlàkọ́ wọ yàrá kékeré náà. Ó fa wáyà yọ lára ògiri, ó ká a mọ́ apá bí ẹni tó pa ejò, ó sì ń súfèé sọ̀kalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Morádéyọ̀ àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wà lẹ́nu ìsìn òwúrọ̀ nílé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó dákẹ́, ó tún dún. Ọkọ rẹ̀ wò ó.

"Ìyá Ẹwàolúwa, fóònù rẹ."

"Ẹ jẹ́ ká parí orin."

Wọ́n kọ ẹsẹ kejì. Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà mú. Wọ́n kọ ẹsẹ kẹta. Orin náà gùn, Morádéyọ̀ kò sì fo ẹsẹ kankan. Nígbà tí wọ́n dé àmín, ó ní ohùn àárín kò dára tó, kí wọ́n tún àmín náà kọ.

Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù. Àwọn ọlọ́kọ̀ Èbúté ti pè. Àwọn ará Ìbèṣè ti pè. Àlàájà Mardiyah ti pè, ó sì fi ohùn sílẹ̀: "Morádéyọ̀, ẹ̀rọ ti yadi o, ẹja wà lórí wa!" Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí ti pè ju gbogbo wọn lọ. Bí ó ti ń wò ó, ó tún pè.

"Morádéyọ̀, níbo lo wà? Mo wà ní Èbúté. Wọn kò jẹ́ kí n wọkọ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí orúkọ mi, àwọn kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní Erékùṣù! Wọ́n ń dúró dè mí!"

"Ọ̀rọ̀ kí ni, sà?"

"Lórí wíwọn èrè àtúnlò."

Morádéyọ̀ gbé fóònù jìnnà sí ẹnu. Ó bẹ Olúwa pé kó dárí jì í, nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó lọ ṣá. Kì í ṣe nítorí Fábíyìí. Nítorí agbọ̀n tó wà lórí Bísọ́lá ni, àti nítorí àwọn èrò tí ọ̀gá tiwọn náà yóò bú bí wọ́n bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó dé Èbúté, èrò ti kún láti etí omi títí dé ibi tí wọ́n ń kó yanrìn sí. Àwọn ọkọ̀ so mọ́lẹ̀, wọ́n ń mì lórí omi bí ewúrẹ́ tí wọ́n so tí wọn kò bọ́. Ẹnìkan ń pariwo pé ó yẹ kí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan ti sọ pé kí wọ́n ju ẹni tó ṣe é sínú ọ̀sà. Fábíyìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ náà.

"O ṣeun tó o wá," ni ó wí. "Tún un ṣe kíá."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ wọn èrè Kànga, sà." Morádéyọ̀ na ọwọ́ sí ogunlọ́gọ̀ èrò náà. "Ẹ wò ó. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí. Ẹ tún lọ fi ti Ìbèṣè àti ti Ẹ̀pẹ́ kún un."

Fábíyìí wo èrò náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Morádéyọ̀ rò ó fún ìṣẹ́jú kan pé bóyá òye fẹ́ wọlé, ó sì ṣí ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ láti fẹ́ràn ọkùnrin náà díẹ̀.

"Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún," ni Fábíyìí bèèrè, "ni kí n wá kọ?"

Morádéyọ̀ ti ọkàn náà padà.

"Ẹ má kọ nǹkankan, sà. Ẹ sọ pátákó yẹn kalẹ̀ lára ògiri. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà Kànga mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò jókòó lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ mọ́."

"Morádéyọ̀, pátákó kẹ̀?"

Obìnrin tó fẹ́ ju ènìyàn sínú ọ̀sà yí ojú padà. "Ṣé àwọn wọ̀nyí ló ni ẹ̀rọ yìí? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín, ọ̀gbẹ́ni?"

"Mo gbà," ni Fábíyìí yára wí. "Mo ti gbà. Mo ti gbà."

Morádéyọ̀ pe ọ́fíìsì. Sàlàkọ́ ló gbé e.

"Sàlàkọ́, wọ yàrá kékeré. Ki wáyà bọ ara ògiri."

"Wáyà wo, Àǹtí?"

"Èyí tó o ká mọ́ apá."

Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohun kan tó ṣubú. "Mo ti kì í bọ̀ ọ́, Àǹtí."

"O ṣeun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó o ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pátákó kọ́ nìyẹn."

Fóònù àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá ọ̀tún, lápá òsì. Kànga ti rántí gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tò kó tó yadi. Àwọn ọkọ̀ ń gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàájà Mardiyah fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, àdúrà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí wo fóònù tirẹ̀. Ó ti pẹ́ jù kó tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà. Ó ní kí Morádéyọ̀ gbé òun síwájú.

"Kànga kì í ṣojúsàájú, sà," ni ó dáhùn, ó sì padà sílé lọ jẹ ẹ̀kọ tó fi sílẹ̀.

Wọ́n sọ pátákó náà kalẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Wọ́n gbé e káàkiri títí ẹnìkan fi rí i pé ó bá ẹnu àgbá omi ẹ̀yìn ilé mu, èyí tí yànmùyánmú ti ń yé ẹyin sí láti ìgbà òjò. Ibẹ̀ ló wà títí di ìsinsìnyí. Oòrùn ti ṣá kálàmù pupa rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, yóò ṣì rí orúkọ Sàlàkọ́ àti ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀.

Morádéyọ̀ máa ń ṣí i lójoojúmọ́ kó tó jẹun ọ̀sán. Á bu omi, á ṣan ọwọ́, á sì dé e padà jẹ́jẹ́. Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Olúwa mọ̀ pé ó ń gbìyànjú.